Eré ṣíṣe nínú kíláàsì: ṣé ó ń kọ́ ọmọ ní nǹkan, àbí ó kàn ń gba àkókò?

Tíṣà_Kíláàsì_Kẹrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tí mo bá ní kí wọ́n ka ìtàn, wọn á kà á geere. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹni inú ìtàn fi ṣe ohun tó ṣe, ojú mi ni wọn á máa wò. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí n kò mọ bí ohùn wọn ṣe ń dún.

Mo wá ronú pé kí a máa fi ìtàn tí a bá kà ṣeré nínú kíláàsì. Ọ̀gá wa ní àwọn kò lòdì sí eré, ṣùgbọ́n kí n fi í sí ìparí ọdún nígbà tí àwọn òbí bá wá wòran, torí àsìkò ẹ̀kọ́ kò tó. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé èrè kan wà níbẹ̀ tí mo lè tọ́ka sí? Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń ṣe é, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kíláàsì kì í fi í dàrú?

Àǹtí_Ìwé_Kíkà

Ẹ kú làákàyè, Ma. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Eré ìparí ọdún tí ọ̀gá yín ń sọ àti eré inú kíláàsì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ díẹ̀ tí ẹnu wọn dá ṣáká ni yóò sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù á dúró sẹ́yìn bí igi (nígbà mìíràn, igi gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe), ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan á sì bá àkọ́sórí lọ. Òǹwòran ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún. Eré inú kíláàsì ní tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ló ni ín. Kò bèèrè aṣọ, kò bèèrè ìtàgé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó o.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Winifred Ward, tó kọ́ni ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá ilé eré àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ìlú Evanston ní 1925. Síbẹ̀ òun kan náà ló tẹnu mọ́ ọn pé eré tí ọmọ ń hùmọ̀ fúnra rẹ̀ nínú kíláàsì, láìsí ìwé eré lọ́wọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Èyí tí mò ń ṣe jù ni kí àwọn ọmọ máa ka ìtàn pẹ̀lú ohùn òṣèré. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kò sí àkọ́sórí, ẹnì kan ń ka ti ẹni tó ń sọ ìtàn, àwọn tó kù ń ka ọ̀rọ̀ tó tẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn jáde. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí a bá ní kí ọmọ tún ìwé kà: "Mo ti kà á tán, Àǹtí." Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ipa láti kó á tún un kà títí, torí ó fẹ́ kí ìbínú inú ọ̀rọ̀ náà dún lẹ́nu òun. Títún-kà yẹn gan-an ni oògùn. Láti 1979 ni S. Jay Samuels ti kọ̀wé pé títún àyọkà kan náà kà ń mú kí kíkà yá, àṣìkà á sì máa dín kù.

Baba_Ìṣirò

Ẹ má bínú sí mi o. Èmi ni mo máa ń wà ní kíláàsì tó fara ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré yìí, etí mi nìkan ló mọ ohun tó ń rí.

Ohunkóhun tó bá ti dùn mọ́ àwọn ọmọ, kíá la ti máa ń sọ pé ó ń là wọ́n lọ́pọlọ. Ẹ fún mi ní ẹ̀rí. Ẹ má sì sọ ìtàn ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi, gbogbo wa la ní ọmọ bẹ́ẹ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n, kí ló sì rí?

Olùkọ́_Àgbà

Ìbéèrè ọkùnrin yìí tọ́, ẹ má ṣe bú u. N ó sọ èyí tó gbè wá, n ó sì sọ èyí tí kò gbè wá.

Ní 2000, Ann Podlozny kó ìwádìí 80 jọ tí wọ́n ti ṣe lórí eré nínú kíláàsì. Ó rí i pé àwọn ọmọ tó fi ìtàn ṣeré lóye ìtàn ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sísọ wọn sì gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ibi tó wú mi lórí ni pé kò mọ sórí ìtàn tí wọ́n fi ṣeré nìkan. Tí wọ́n bá gbé ìtàn mìíràn tí wọn kò rí rí fún wọn, òye náà ṣì ń bá wọn lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìwé ló yí padà.

Èyí tí kò gbè wá nìyí. Ní 2004, Glenn Schellenberg ní Kánádà pín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà 144 sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kan kọ́ dùùrù, ọ̀kan kọ́ orin kíkọ, ọ̀kan kọ́ eré ṣíṣe, ọ̀kan kò kọ́ nǹkan kan ní ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n fi ìdánwò wo bí ọpọlọ wọn ṣe jí pépé sí (èyí tí wọ́n ń pè ní IQ), àwọn tó kọ́ orin fi díẹ̀ ga ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó kọ́ eré kò ga ju àwọn tí kò kọ́ ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwà láwùjọ, bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn lò, àwọn ọmọ eré nìkan ló tẹ̀ síwájú.

Nítorí náà, Tíṣà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín, ẹ má sọ fún wọn pé eré yóò gbé máàkì ìṣirò sókè. Kò sí ohun tí ẹ máa fi tì í lẹ́yìn. Ẹ sọ pé ó ń ran òye ìtàn lọ́wọ́, ó ń ran ẹnu lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ ọmọ láti bá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Baba_Ìṣirò

Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ tó ní òṣùwọ̀n nìyí, mo lè gbà á. Ọ̀rọ̀ ariwo kò tíì tán ṣá.

Òṣèré_Tẹ́lẹ̀

Iṣẹ́ ìtàgé ni mo ṣe kí n tó máa bá àwọn ilé-ìwé ṣiṣẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ariwo. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí tíṣà sọ pé "ó yá, ẹ fi ìtàn náà ṣeré," kí gbogbo kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lórí ta ni yóò jẹ́ ọba.

Ẹ fi ìdúró bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìrìn sílẹ̀ ná. Ẹ pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún. Ẹ ka ìtàn dé ibi tó ti le jù, kí ẹ pa ìwé dé. Ká ní ìtàn náà dá lórí ọmọbìnrin kan tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń jí ìwé wò nínú ìdánwò, tí tíṣà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí wọn. Ẹ ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ara wọn ya àwòrán ìgbà yẹn gan-an: kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìrìn, kí wọ́n dúró gbagidi títí ẹ óò fi ka ení dé ẹẹ́wàá. Ẹ óò rí i pé nínú ọ̀wọ́ kan, ọmọbìnrin yẹn ń wo ilẹ̀. Nínú òmíràn, tíṣà ló tẹjú mọ́. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti fi ọwọ́ bo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta nìyẹn lórí ìtàn kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lanu.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa lọ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí òmíràn. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, kí ó sọ gbólóhùn kan péré tó wà lọ́kàn ẹni tó dúró fún. "Tí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́." "Kí ló dé tí wọn ò wo ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn?" Ìdáhùn sí "kí ló dé tó fi ṣe é" tí ẹ ń wá kiri, ibẹ̀ ló ti ń jáde, ẹ kò sì ní bi wọ́n léèrè.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ wọn lára, ẹ gbé àga kan síwájú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ti di ẹ̀dá ìtàn, kí àwọn yòókù máa da ìbéèrè bò ó. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Dorothy Heathcote (1926–2011), obìnrin ará Ìlú Ọba tó ti ń hun aṣọ nílé iṣẹ́ kó tó di pé ó kọ́ eré, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọ̀nà yìí jù lọ: kí olùkọ́ wọ inú eré. Kì í sábà wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Á wọ̀ ọ́ bí ẹni tí ìṣòro bá, tó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, àwọn ọmọ á wá di ògbógi tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fojú inú wò ó: tíṣà tí wọ́n ń bẹ̀rù dé, ó ní òun ni òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, òun fọ́ ìkòkò kan tó ti gbó, òun kò mọ ohun tí òun máa kọ sínú ìwé. Àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ kọ̀wé á máa du gègé láti bá a kọ ọ́.

Ní ti ariwo, ẹ bá wọn fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ tíṣà sókè, gbogbo ara dúró. Ẹ fi ṣeré lásán ná kí ẹ tó fi ṣiṣẹ́. Kíláàsì tí kò tíì lè dúró sójú kan kò tíì yẹ kó máa rìn.

Ọmọ_Tuntun_Nínú_Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ èyí sílẹ̀. Mo ṣì wà lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìbéèrè mi ni pé kí la ń ṣe fún ọmọ tó bá kọ̀ jálẹ̀? Tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí wọ́n bá ti ní kó bọ́ síwájú? Àti ọmọ tó ń kólòlò ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má lọ fi ohun tí mo pè ní ìrànlọ́wọ́ dójú ti ọmọ.

Ìyá_Ọmọ_Méjì

Èmi kì í ṣe olùkọ́, òbí ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kàn mí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Àkọ́bí mi ń kólòlò. Ilé-ìwé kan tó lọ tẹ́lẹ̀, ọdún dé ọdún lé, ọwọ́ àwọn ọmọ kan náà ni ipa tó dára jù máa ń bọ́ sí. Tirẹ̀ ni kó gbé àsíá. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn rọra yọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó mọ̀.

Olùkọ́ mìíràn tó wá bá pàdé fi òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ṣe ohùn kan: gbogbo wọn jọ ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù inú ìtàn pọ̀. Kò kólòlò nígbà tí wọ́n jọ ń sọ ọ́. Ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ sọ fún mi pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni, pé tí ẹni tó ń kólòlò bá bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, ọ̀rọ̀ sábà máa ń já geere lẹ́nu rẹ̀. Kò wo kíkólòlò sàn o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ó ṣì ń kólòlò nílé. Ṣùgbọ́n ó di ẹni tó ní ipa.

Ti ọmọ tó ń tijú, ọmọláńgidi ni kí ẹ fún un, ìbọ̀sẹ̀ tí a lẹ ojú mọ́ náà tó. Àbúrò rẹ̀ kì í dá àlejò lóhùn, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń bá gbogbo ayé ṣàríyànjiyàn.

Òṣèré_Tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ yín ti dáhùn ìbéèrè ọmọdé yìí tán, Ma. Nǹkan méjì péré ni n ó fi kún un.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni bọ́ síwájú. Ẹni tó ń ṣe ìró òjò, ẹni tó ń ka àkọlé ìran, ẹni tó ń sọ fún ọ̀wọ́ pé "ọwọ́ rẹ kò tíì dà bíi ti ẹni tó ń bẹ̀rù," inú eré ni gbogbo wọn wà.

Ìkejì ni èyí tí àwọn ìwé kì í sọ dáadáa. Ọmọ tó ṣe olè lówùúrọ̀ lè di "olè" lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Mo ti rí i. Ẹ máa bọ́ ipa kúrò lára wọn kí ẹ tó lọ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn: kí ọmọ náà gbọn ọwọ́ rẹ̀, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sọ ohun kan tí òun kò bá ṣe tó bá jẹ́ òun ni ẹni yẹn. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ ipa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan máa ṣe ìkà lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra torí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Baba_Ìṣirò

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Ẹnì kan níléèṣẹ́ wa fi àwọn ọmọ ṣe oòrùn, ayé àti òṣùpá nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tó jẹ́ ayé ń yí lójú kan, bó bá kọjú sí oòrùn yóò kígbe "ọ̀sán," bó bá kẹ̀yìn sí i yóò kígbe "òru." Mo gbà pé ìyẹn dára, torí pé ohun tí ara ọmọ náà ń ṣe ni ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ.

Ṣùgbọ́n mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti fi àwọn ọmọ ṣe iná mànàmáná nínú wáyà. Eré sísá ni gbogbo rẹ̀ dà. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ṣubú ni wọ́n rántí. Tí ìṣesí kò bá bá èrò mu, ìṣesí nìkan ló máa kù lórí wọn. Ẹ má sì gbé e wá sórí ìdá nọ́ńbà fún mi, bébà àti gègé tó mi.

Àǹtí_Ìwé_Kíkà

Baba, lórí èyí mo wà lẹ́yìn yín. Bí eré kò bá fi ohun kan hàn tí pátákó kò lè fi hàn, ẹ lo pátákó.

Olùkọ́_Àgbà

Àǹtí, mo fẹ́ tako yín díẹ̀ lórí òǹwòran. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí èrè nínú wíwò. Ní ìlú Coventry ní Ìlú Ọba, 1965 ni ilé ìtàgé Belgrade Theatre bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn tó jẹ́ òṣèré tó tún jẹ́ olùkọ́ lọ sínú ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ń wò, wọ́n sì ń dá sí i. Wíwò gan-an ní iṣẹ́ tirẹ̀. Jay Greene àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arkansas fi ìbò yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ wo eré orí ìtàgé àti àwọn tí kò ní lọ. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2014 ni pé àwọn tó lọ mọ ìtàn náà àti àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí i, wọ́n gba ojú ìwòye ẹlòmíràn láyè sí i, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ka ìmọ̀lára lójú ènìyàn. Nínú ìwádìí mìíràn ní 2018, wọ́n fi fíìmù ìtàn kan náà wé e. Fíìmù kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí_Ìwé_Kíkà

Bàbá, n kò bá wíwò jà. Ohun tí mò ń bá jà ni kí a pe eré ìparí ọdún ní ẹ̀kọ́, kí a wá gba ti inú kíláàsì lọ́wọ́ tíṣà nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ inú ìwádìí yẹn wo àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn. Òbí tó wá wo ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ṣe igi ńkọ́? Fọ́tò ló wá yà.

Tíṣà_Kíláàsì_Kẹrin

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀. N kò bèèrè àsìkò tuntun, mo ní inú àsìkò ìwé kíkà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, àwòrán ìdúró àti kíkà pẹ̀lú ohùn. Wọ́n gbà fún sáà kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n nínú ìwé máàkì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fún eré ní máàkì?

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ má fún eré ní máàkì. Tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà á lọ, ẹ ó sì padà sí ibi tí a ti kúrò. Ohun tó bá tẹ̀lé e ni kí ẹ wọ̀n. Lẹ́yìn eré, kí ọmọ kọ lẹ́tà kúkúrú ní orúkọ ẹ̀dá ìtàn: kí ọmọbìnrin inú ìdánwò yẹn kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ wo iye ìdí tó mú wá fún ohun tó ṣe, àti bóyá ìdí náà ti inú ìtàn wá. Ẹ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn lórí ìtàn tí ẹ kò fi ṣeré kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún gbà á lórí òmíràn tí ẹ kò fi ṣeré nígbà tó bá parí. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì ọ̀gá yín.

Ọmọ_Tuntun_Nínú_Iṣẹ́

Irú ìtàn wo ló dáa kí a fi bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí_Ìwé_Kíkà

Èyí tí ẹnì kan ti ní láti yan ọ̀kan nínú nǹkan méjì, tí méjèèjì sì le. Ìtàn tó kún fún àpèjúwe òkè àti odò kò ní fún wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Kó má gùn ju ojú ìwé méjì lọ, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tó mẹ́rin ó kéré tán, kí ìwọ fúnra rẹ sì kà á sókè nílé ná. Ibi tí ahọ́n tìẹ bá ti kọsẹ̀, tiwọn náà á kọsẹ̀ níbẹ̀, torí náà gé e kúrò kó o tó tẹ̀ ẹ́ fún wọn.